Màṣíìnì Tó Ṣáájú Mi Délé Ọkọ

Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀nà Mile 12 wá sí Ìkòsí, òórùn tòmátò tó ti rà ló máa ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn ilé wa, ti àlùbọ́sà á sì tẹ̀lé e. Àlejò á fi ọwọ́ bo imú. Àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn mìíràn wà lẹ́yìn ilé náà tó bo ti tòmátò mọ́lẹ̀: òórùn kẹrosíìnì, ti ìpẹtà, àti ti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń pa ṣéènì. Ó wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi, ó wọ inú ọbẹ̀ tí mo ń sè. Títí di òní, tí ẹnì kan bá da kẹrosíìnì sílẹ̀ nítòsí mi, àyà mi á kọ́kọ́ já, kí ara mi tó wá balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ̀yin náà ti tọ́jú ọkọ rí. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí i.

Màṣíìnì kan, alùpùpù, wà lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ páànù tí a ta sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Kí n tó mọ baálé mi ló ti rà á, nígbà tó ń gbé aṣọ òfì láti Ìsẹ́yìn lọ sí àwọn ọjà Òkè-Ògùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ní ìyàwó, tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi fà mí lọ́wọ́ dé ibi tí màṣíìnì náà dúró sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílé wa, ohun tó bá ṣáájú ìyàwó délé, ó ju ìyàwó lọ. "Ìyálé rẹ nìyí," ni ìyá ọkọ mi wí. "Òun ni ọmọ mi kọ́kọ́ fẹ́. Kúnlẹ̀ kí i." Gbogbo obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà kúnlẹ̀ fún irin. Láti ọjọ́ náà ni baálé mi kò ti pe orúkọ mi mọ́. "Ìyàwó" ló ń pè mí títí irun mi fi funfun, nítorí ìyálé mi wà níta tó dúró. Tí a bá jà, màṣíìnì ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo á ní, ẹ̀yin ìyálé, ẹ wá gba ọkọ yín, ó ti sú mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni mo jókòó sí nígbà tí ọmọ mú mi, òun ló gbé mi lọ bí àkọ́bí wa.

Nígbà tí a dé Èkó, baálé mi di awakọ̀ àgbérù. Tòmátò àti ata ló ń kó láti òkè Ọya wá sí Mile 12. Màṣíìnì wá di ẹni ẹ̀yìn ilé. Táyà rẹ̀ gbó, ìpẹtà jẹ táńkì rẹ̀, adìyẹ mi ń yé sórí ìjókòó rẹ̀ tí òwú inú rẹ̀ ti tú síta. A ò tà á, a ò tún un ṣe. Tí mo bá ń sá aṣọ, mo á fi ìpẹ̀kun okùn so mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Baálé mi kọ́kọ́ ní iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú òun ń yọ òṣùmàrè. Nígbà tó yá, ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ó ń na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀, pé ìríran tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà ò ní pẹ́ lọ. Baálé mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí a délé, ó dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín, ó wọ yàrá, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo ti sin ìyá, mo ti sin ọmọ, ṣùgbọ́n n kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ àdúgbò. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrun tí kì í pa jẹ láti kékeré, ó fi í sílẹ̀. Lèmọ́mù àdúgbò wá, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, a gbààwẹ̀. Àkọ́bí wa, obìnrin ni, Ogudu ló ń gbé, ó wá pé kí bàbá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, yàrá wà, tẹlifíṣọ̀n wà, èèyàn á máa wà nílé. Ìyẹn nìkan ni baálé mi fèsì sí. Ó ní òun ò ní lọ di ẹrù sílé ọkọ ọmọ òun. Lẹ́yìn èyí, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo wà nídìí iná, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ni, ó di baálé mi lọ́wọ́ mú bí ẹni mú ọmọdé. N ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó jáde. Fọkanáísà kò sọ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó mú un jókòó, ó tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ilé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má pariwo o. Etí títì ni mo ti rí Bàbá, níbi tí àwọn tírélà ti ń já bọ̀. Mo ní, Bàbá, ta lẹ ń dúró dè? Wọ́n ní àwọn ń dúró de èyí tí kò ní tẹ búréèkì."

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Awakọ̀ ni baálé mi. Láti inú yàrá ló ti ń mọ ìró ọkọ̀ tó ru ẹrù yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Ó mọ èyí tí búréèkì rẹ̀ dára, ó mọ èyí tí awakọ̀ rẹ̀ ń tòògbé. Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo jókòó sórí odó.

Láti ọjọ́ náà mo di ẹ̀ṣọ́. Mo ń ti géètì, mo ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró, àwọn ayálégbé ń bá mi jà pé ṣé ẹ̀wọ̀n ni mo fi wọ́n sí ni. Mo ń wẹ̀ láì ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá sùn, mo á gbé ọwọ́ lé e láyà. Èmi náà sì mọ̀ pé asán ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kò sí bí a ṣe lè ṣọ́ ọ dúró. Ó máa ṣe sùúrù dè ọ́ títí oorun fi máa gbé ọ.

Inú ipò yẹn la wà tí ọmọ mi obìnrin fi ní kí a palẹ̀ ẹ̀yìn ilé mọ́, kí bàbá rẹ̀ lè máa rí ibi jókòó gba atẹ́gùn. Ó pe Màálàmù kan wọlé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra àlòkù irin. Màálàmù yí màṣíìnì po. Ó fi ẹsẹ̀ ta ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, kò mira. Ó mú ọ̀pá irin, ó lu táńkì rẹ̀ gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn. Ó ní, "Ìyá, eléyìí ti kú tipẹ́." Ohùn kan bá dún láti inú yàrá.

"Ta ló ń lu nǹkan yẹn?"

Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Ohùn náà tún wá, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ẹ sọ fún un kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀."

Ìbínú wà nínú ohùn yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkú kì í bínú. Mo bu omi tútù fún Màálàmù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ọmọ mi pòṣé. Ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi irin ìpẹtà ṣe?" Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe ni. Ó wò mí bí ẹni tí ìdààmú ti da orí rẹ̀ rú, kò sì jẹ̀bi, nítorí èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, n ò mọ ibi tí wọ́n ti ń da bẹntiróòlù sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó àpótí irinṣẹ́ tí baálé mi máa ń gbé sínú ọkọ̀ ẹrù jáde. Mo mú òòlù. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, mo ní, ẹ̀yin ìyálé, ẹ fi orí jì mí, nítorí ọkọ wa ni. Mo wá gbé sípánà tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà lé bóòtù kan lórí, mo fi òòlù lù ú. Mo lù ú bí alágbẹ̀dẹ. Adìyẹ fò kúrò lórí ìjókòó, ayálégbé kan yọjú lójú fèrèsé, ó tún padà wọlé. Mo ń lù ú lọ.

"Ìyàwó."

Mo dáhùn.

"Kí lò ń fọ́ níbẹ̀?"

Mo ní n ò fọ́ nǹkan kan, màṣíìnì ni mo ń tú.

"Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

"N ò mọ nǹkan kan," ni mo wí. "Ìdí tí mo fi ń lo òòlù nìyẹn."

Mo tún gbé òòlù sókè. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọwọ́ tó ń ra ògiri bọ̀ ní ọ̀nà àárín ilé. Ó jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó na ọwọ́ síwájú. Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tọ́ orí bóòtù náà wò, ojú rẹ̀ sì fà ro bí ẹni tó tọ́ egbò ọmọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yí i sí, kì í ṣe ọ̀tún, ó ní ta ló bí mi tí mo fi ń lu bóòtù bí ẹni ń pa ejò. Ó jókòó sórí pákó. Ó bá mi bínú títí oòrùn fi kúrò lórí páànù. Nígbà tí mo gbé ẹ̀bà wá, ó jẹ ẹ́ láìmọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́, nítorí ó ṣì ń bínú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ò ríran, èmi ò mọ̀wé, nítorí náà nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípánà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo bá sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó kéré jù ni ọmọ ìkókó. Èyí tó tẹ̀ níbàdí ni arúgbó. Èyí tó tóbi jù, tó jẹ́ pé kó tó tú nǹkan, apá èèyàn á ti kọ́kọ́ yẹ̀, mo pè é ní ìyá ọkọ. Baálé mi á na ọwọ́, á ní, "Mú ìyá mi wá," kò ní rẹ́rìn-ín, èmi náà á gbé e fún un. Ó ń fi ọwọ́ wo gbogbo nǹkan. Á gbé irin sétí, á mì í. Á gbóòórùn rẹ̀. Tó bá tú nǹkan kan kúrò, á kọ́kọ́ di í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tèmi ni fífọ̀, nítorí èmi ni ìyàwó. Mo ń kó wọn sínú bàsíà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ń fọ̀ wọ́n bí mo ṣe ń fọ ohun èlò oúnjẹ mi, wọ́n sì ń dán tó jẹ́ pé àwọn ayálégbé á dúró wò wọ́n.

Kò rọrùn o. Inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa. A da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì sínú rẹ̀, a fi í sílẹ̀ kó rin ín. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, baálé mi á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ibi tí wọ́n ti ń ta á, kò ní mira. Ọjọ́ tí kò bá ti mira, ó ń padà sínú yàrá, ó ń kọjú sí ògiri, èmi náà á tún lọ fa géètì wò bóyá mo tì í. Bí ayé wa ṣe rí nígbà náà nìyẹn, orí irin kan tó gan la so ó mọ́. Lọ́jọ́ tó wá mira, díẹ̀ báyìí ló mira, bí orúnkún arúgbó. Baálé mi kàn tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó wá ní kí n fún òun ní omi kí òun ṣe àlùwàlá. Mo lọ sunkún nídìí iná.

A fọ táńkì. Òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì la dà sínú rẹ̀, a jókòó kọjú síra wa, èmi di apá kan mú, òun di apá kejì, a ń mì í títí omi pupa fi ń jáde. Fọkanáísà wá àlòkù táyà tó ṣì lágbára fún wa, ó sì wá fi í sí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí màṣíìnì ṣe ń padà bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, baálé mi gbójú sókè, ó ní ṣé òjò ló ṣú ni. Mo wo ojú ọ̀run, oòrùn wà níbẹ̀ bí àwo idẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣú díẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Oòrùn ń ta mí lápá, Ìyàwó."

Ó tún na ọwọ́ fún sípánà. Ó ń ṣe kánkán láti ọjọ́ náà, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò pọ̀ tán, ọmọ mi wá láti Ogudu, Fọkanáísà fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ayálégbé dúró yí ká. Baálé mi wọ aṣọ tó mọ́. Ó gùn ún, ó fi ẹsẹ̀ ta á. Kò dáhùn. Ó ta á títí òógùn fi rin aṣọ mọ́ ọn lára. Màṣíìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa mí, ó sì kú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ sinmi, ẹ ti gbìyànjú." Kò yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn ń sọ?

Baálé mi tún un tú. Ó yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ó ní kí Fọkanáísà wò ó, iná ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ó tọ́ bẹntiróòlù wò, ó ń ṣàn dáadáa láti inú táńkì. Ó tún un tò, ó tún un ta, kò jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè síwájú ojú rẹ̀ tí kò rí wọn.

"Iná wà," ó ní. "Epo wà. Ó ku ọwọ́ tó tò ó. Mo rò pé ojú nìkan ló lọ. Ọwọ́ náà ti lọ."

Ó nu ọwọ́, ó wọlé. Ó ní kí n pe Màálàmù, pé òun kò tún ní dé ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́ láyé. Ògiri ló tún kọjú sí. Ti àkọ́kọ́ sàn, nítorí nígbà náà ó ṣì ń rò pé ohun kan kù fún òun.

Lọ́jọ́ kejì omi ò wá, mo gbé korobá lọ pọnmi nílé ọ̀kánkán. N ò pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bọ̀, géètì ṣí gbayawu, ayálégbé kan tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Ọ̀pá tó fi ń tọ́nà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

N ò mọ ibi tí mo ju korobá sí. Mo rí ara mi lójú ọ̀nà láìwé gèlè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, mo ń ti àwọn alábàárù tó ru agbọ̀n ata sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń bú mi. Nígbà tí mo dé títì, n ò wá baálé mi rárá. Ibi tí èrò bá gbé pé jọ ni mo ń wá. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sáré lọ bá wọn, ọsàn tó dà sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Fọkanáísà búra pé òun ò rí Bàbá kó kọjá. A jọ rìn dé ìdí afárá, a rìn padà. Mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí bàbá kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ara mi tí mo ń béèrè pé ṣé ọkọ̀ gbá ẹnì kan níbí lónìí. Ẹnu ara mi ló bà mí lẹ́rù.

Mo padà sílé láti lọ mú ìborùn, kí n lè bo orí lọ béèrè ní ọsibítù. Bí mo ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo gbọ́ ìró kan, fùù, fùù, bí ọmọdé tó ń fọn fèrè tí kò dún.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́yìn ilé, níbi tó ní òun ò ní dé mọ́ láyé, ó gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti tú kábúrétọ̀ sórí itan, ìyẹn ibi tí bẹntiróòlù ti ń pàdé atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Irin kékeré kan wà láàárín ètè rẹ̀ tí ihò àárín rẹ̀ kò tó ojú abẹ́rẹ́. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn ò kọjá.

"Ìyàwó, ìwọ nìyẹn?" ó ní. "Kí lo fi ń fọ àwọn nǹkan yìí?"

Mo dúró. Mo ní eérú ni. Eérú àti kànhìnkànhìn. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i, nílé ìyá tó bí mi, ìkòkò wo là ń fọ̀ tó ń mọ́ láìfi eérú ha á? Ohun tí mo fi ń fọ gbogbo irin tí mo ní láyé nìyẹn.

"Eérú," ó ní. Ó fi irin náà kan ahọ́n, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀. "Eérú ni lóòótọ́. Ó ti dí ihò rẹ̀ pa." Ó nà án sí mi. "Kì í ṣe ọwọ́ mi. O gbọ́? Kì í ṣe ọwọ́ mi, Ìyàwó."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní mo fọ ìyálé mi bí ìkòkò ẹ̀wà. Èmi bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń lù ú lẹ́ṣẹ̀ẹ́, mo ń sunkún, mo ń bi í pé níbo lẹ wà, níbo lẹ wà. Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé. Níbo ni kí n wà?"

Nígbà tí ara wa rọlẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní bí òun ṣe kọjú sí ògiri, òun ń ro ó. Ọwọ́ òun ló rántí pé nígbà tí òun ń ki irin kékeré yẹn bọlé, nǹkan kan kúnná láàárín ìka òun bí iyanrìn, ṣùgbọ́n òun ń kánjú. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀. Kò sọ ohun tí òun ìbá ṣe lẹ́yìn tí òun bá mọ̀, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òun ló jẹ̀bi. Èmi náà ò bi í. Mo fi eyín la ẹyọ ìgbálẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi tu ihò náà pẹ̀lẹ́, a fi bẹntiróòlù ṣàn án. Ó tún un fẹ́, atẹ́gùn kọjá.

Kò pe ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó tò ó pọ̀, ó ta á mélòó kan, màṣíìnì wúkọ́, ó tú èéfín funfun, ó sì gbà. Mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ilé ń gbọ̀n, aṣọ tí mo sá ń gbọ̀n. Baálé mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé táńkì. Ó pariwo pé kí n gùn ún. Èmi arúgbó yìí, mo ká ìró sókè, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo di í mú níkùn tó ti gbẹ. Orí ìdúró rẹ̀ ló wà, táyà ẹ̀yìn ń yí lófuurufú, a ò lọ síbì kankan. Níbo la fẹ́ gùn ún lọ, tójú ti lọ, tí ìjọba sì ti ní kí ọ̀kadà dáwọ́ dúró lágbègbè wa? Ó ń yí i bí ẹni ń gun òkè. Ó ní Òkèhò nìyí. Mo ní mo ti rí i. Ó ní Ìganná nìyí, ojú ọ̀nà ò dára. Mo ní ẹ rọra. A ń lọ bẹ́ẹ̀ títí bẹntiróòlù fi tán.

N ò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo wá dára. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá báyìí, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ọmọ mi gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ló wo bàbá òun sàn, ó ń sọ ọ́ kiri. Èmi tí mo ń bá a sùn mọ̀ pé kò sàn. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa jí, tí ohùn rẹ̀ á tún ti lọ sísàlẹ̀. Á ní, Ìyàwó, kí ni mò ń ṣe láyé gan-an? N kì í ní èsì kan tó dáa. Nígbà mìíràn mo á ní ẹ máa bọ̀ wá bó ẹ̀gúsí, nígbà mìíràn mo á kàn jókòó tì í. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí géètì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí ní etí ìró mi mọ́. Ní ọdún yẹn, ojú títì ló lọ bi ní ìbéèrè náà, kò jẹ́ kí n gbọ́. Ní báyìí, èmi ló ń bi, ó sì máa ń dúró kí n sọ nǹkan kan.